Bíṣọ́ọ̀bù Tí Kò Tẹ Ilẹ̀ Wa: Ìgbésí Ayé Melchior de Marion Brésillac

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ó mú ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu wa: Freeman tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, Townsend ti Abẹ́òkúta, Hinderer ti Ìbàdàn, àti Àjàyí Crowther ọmọ Òṣoògùn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ ìtàn wọn, bí ó ti yẹ kí wọn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọmọ kan náà léèrè pé ta ni ó dá ẹgbẹ́ tí ó mú ìjọ Àgùdà wá sí Èkó sílẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni a ó bá pàdé. Kódà nínú àwọn Àgùdà tí ń gbọ́ Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi ní Àgégé, ní Ìfàkò àti ní Oko Ọba, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè dárúkọ ọkùnrin náà.

Èyí kò yani lẹ́nu. Ọkùnrin náà kò dé Èkó rí, kò sì fi ojú kan Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 42 péré ni ó lò lórí ilẹ̀ Áfíríkà kí ikú tó pa á sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọdún 1859. Orúkọ rẹ̀ ni Melchior de Marion Brésillac, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà, ọmọ ilẹ̀ Faransé.

Kí ni a wá fẹ́ fi ìtàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ìwé tí ó jẹ́ ti ìjìnlẹ̀ Yorùbá? Ìdáhùn mi ni pé ìbéèrè kan wà tí ó gba ọkàn ọkùnrin yìí láti ìgbà èwe rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ìbéèrè náà sì kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n: nígbà tí ẹ̀sìn bá ti òkèèrè wá, ta ni ó yẹ kí ó jẹ́ àlùfáà àti olórí rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó dé? Ìbéèrè yìí ni ó ba ipò Brésillac jẹ́ ní Íńdíà. Òun náà ni ó da ọkàn Crowther rú ní ọjọ́ ogbó, òun ni ó sì fa ìjọ ya ní Èkó ní 1901, tí èso ìyapa náà fi hù ní oko àwọn àgbẹ̀ Àgégé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe dáhùn ìbéèrè náà nínú ìjọ Àgùdà, ọ̀dọ̀ Brésillac ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ọdún 1813, ni a bí i ní Castelnaudary, ìlú kan ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdìtẹ̀ ńlá tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé ní 1789 ti gba ọrọ̀ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ ni ó kù. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí odò àgbẹ́ ńlá tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà kọjá ní agbègbè náà, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà ní ìwé nínú ilé. Melchior ni àkọ́bí. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, èyí tí àwọn Àgùdà ń pè ní sẹ́mínárì, ní Carcassonne, a sì fi í jẹ àlùfáà ní oṣù Kejìlá, ọdún 1838. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi méjì àti ààbọ̀ ní ìlú tí a gbé bí i, iṣẹ́ tí kò ní wàhálà púpọ̀, láàrin àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìlú òkèèrè ni ó ń fẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà kí ó lọ, bàbá rẹ̀ sì lòdì sí i pátápátá. Ó yẹ kí a ro ti bàbá náà: àkọ́bí ẹni tí a fi ọwọ́ ara ẹni kọ́ ní ìwé, kí ó wá dìde pé òun ń lọ sí ibi tí ó ṣeé ṣe kí òun má ti padà mọ́! Ní 1841 ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ bá Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere Òkèèrè ní Paris. Ní oṣù Kẹrin, 1842, ó wọ ọkọ̀ ní Nantes, ó sì gúnlẹ̀ ní Pondicherry ní Íńdíà ní oṣù Keje. Nígbà tí Freeman fi gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Brésillac ti ń jìjàkadì pẹ̀lú èdè Tamil.

Ẹ̀sìn Kristi ti pẹ́ ní Íńdíà ju bí ó ti pẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa lọ fíìfíì. Àwọn àlùfáà òyìnbó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí Brésillac tó dé. Síbẹ̀, ní agbègbè tí a rán an sí, àwọn àlùfáà ọmọ ìlú kéré níye, àwọn díẹ̀ tí ó sì wà, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n ń ṣe ọmọ-ẹ̀yìn fún òyìnbó. Òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, tí kò lè kí ènìyàn ní èdè ìlú, ni a máa ka sí ọ̀gá àlùfáà ọmọ ìlú tí ó ti hewú lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ Brésillac nínú rárá. Nígbà tí a fi í ṣe olórí sẹ́mínárì Pondicherry ní 1844, ó fi ọ̀wọ̀ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìlú lò, ó sì ń kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò di olórí lọ́la, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa gbé àpótí tẹ̀lé òyìnbó. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn èyí. Wọ́n ní ó ń yára jù.

Àwa Yorùbá ní òwe kan tí ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn bí ó bá gbọ́ ọ: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Bí òyìnbó ti wù kí ó gbọ́n tó, ohun tí ọmọ onílé rí nígbà tí ó ṣì ń rá bàbà, òun a lo ogún ọdún kí ó tó rí i. Ìdí kejì tún wà, èyí tí ó kan ikú àti ìyè ìjọ. Àlejò lè kú, ogun lè lé e lọ, ìjọba lè kọ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó lè rú ẹbọ Mísà, ọjọ́ tí ó bá lọ ni ìjọ parí. Brésillac gbà pé ajíhìnrere tí kò bá ń mura ọmọ ìlú sílẹ̀ láti gba ipò lọ́wọ́ òun kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a rán an.

Ní ọdún 1844 yìí kan náà ni àwọn àlùfáà agbègbè náà pàdé ní Pondicherry láti gbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àlùfáà ọmọ ìlú, ní 1845 ìwé sì ti Róòmù jáde láti ọ̀dọ̀ Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún tí ó pàṣẹ pé kí a tọ́ àwọn ọmọ ìlú dé ipò àlùfáà, kí a sì má ṣe fi wọ́n ṣe ìránṣẹ́ fún àlejò. A lè rò pé Brésillac ti borí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 1846, a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọdún 32 péré, a sì fi agbègbè Coimbatore sí abẹ́ àkóso rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ mú lọ́kàn níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti mọ ohun kan nípa ìlànà ìbí ní Íńdíà, tí kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìwọ̀fà lè san gbèsè rẹ̀ kí ó sì di ẹni ara rẹ̀, ẹrú ọba pàápàá lè di ìjòyè tí àwọn ọmọ bíbí ìlú ń wólẹ̀ fún. Ní Íńdíà ìgbà náà, ipò tí a bí ènìyàn sí ni yóò kú sí. Àwọn ìran òkè kì í bá ìran ìsàlẹ̀ jẹun, wọn kì í pọn omi nínú kànga kan náà, àwọn tí ó rẹlẹ̀ jù kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ wọn. Àwọn ajíhìnrere àtijọ́ rí i pé bí àwọn bá jókòó ti ẹni ìsàlẹ̀, ẹni òkè kò ní gbọ́ ìwàásù mọ́ láé. Nítorí náà wọ́n gba àwọn àṣà kan láàyè nínú ìjọ, títí dé orí ibi ìjókòó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Àríyànjiyàn lórí èyí le títí Póòpù Benedict Kẹrìnlá fi dá ẹjọ́ ní 1744: ó fi òfin de púpọ̀ nínú àwọn àṣà náà, ó gba díẹ̀ láàyè, ó sì ní kí gbogbo ajíhìnrere tí ó bá ń lọ sí ibẹ̀ búra pé òun yóò pa òfin náà mọ́.

Brésillac ti búra. Ó wá wo àyíká rẹ̀, ó rí i pé ohun tí a ń ṣe àti ohun tí a búra lé lórí kò jọra, ó kéré tán lójú tirẹ̀. Ó bi àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èrò wọn kò ṣọ̀kan. Ó kọ̀wé sí Róòmù pé kí wọ́n sọ ọ́ gbangba bí àṣà báyìí bá tọ́ tàbí kò tọ́. Ìdáhùn tí ó lè fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kò dé. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn rẹ̀ lónìí máa ń fẹ́ sọ ọ́ di ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn ẹni ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé èyí kò bá ọ̀rọ̀ náà mu dáadáa. Ohun tí ó ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn ni ìbúra. Kò lè rú Mísà ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ọkàn tí ń bi í léèrè ní òru bóyá òun ti di abúra-èké. Ẹ tún rántí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì wọnú ara wọn: bí ìjọ bá gba ìyàtọ̀ ìbí láàyè, inú ìran wo ni a ó ti mú àlùfáà, ta ni yóò sì gba ara Olúwa lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní 1854 ó fi Íńdíà sílẹ̀, ó lọ sí Róòmù láti rojọ́ fúnra rẹ̀. Ní 1855 Róòmù gbà kí ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún méjìlá ni ó ti lò níbẹ̀. Ó di bíṣọ́ọ̀bù tí kò ní ìjọ, ọmọ ọdún 41, tí ó ń gbé ní ilé àlejò àwọn onísìn. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn: ní àkókò yìí ni ó ko àwọn ìwé ìrántí rẹ̀ jọ, ó sì kọ ìtàn ọdún méjìlá rẹ̀ ní Íńdíà sílẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ìjà tí ó jà níbẹ̀, inú ìwé yẹn ni a ti mọ̀ ọ́n.

Kò pẹ́ tí ó fi tọrọ iṣẹ́ mìíràn. Ó ní kí wọ́n rán òun lọ sí ibi tí ajíhìnrere kankan kò tíì dé ní Áfíríkà, ó sì dárúkọ ilẹ̀ Dàhómì. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ọmọ ogun Dàhómì ni Ẹ̀gbá lé padà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta ní 1851. Régis, ọ̀gá oníṣòwò kan láti Marseille, ní ilé ìṣòwò ní Ouidah, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Brésillac sì ti ń wádìí ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ Póòpù tí ó ń bójú tó ìhìnrere ní òkèèrè dá a lóhùn pé kí ó má ṣe dá lọ. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, tí iṣẹ́ náà kò fi ní bá a kú bí ó bá kú. Ìmọ̀ràn yìí ni ó gba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ là, bí a ó ti rí i.

Ó wá rin ilẹ̀ Faransé kiri, ó ń wàásù láti ìjọ dé ìjọ, ó ń tọrọ owó, ó ń wá ènìyàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, 1856, òun àti àwọn díẹ̀ tí ó dara pọ̀ mọ́ ọn gun òkè Fourvière ní ìlú Lyon, wọ́n sì fi ara wọn àti iṣẹ́ wọn lé Màríà Wúńdíá lọ́wọ́ ní ilé ìsìn tí ó wà níbẹ̀. Báyìí ni a ṣe dá Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere fún Ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a fi lẹ́tà S.M.A. mọ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá a gun òkè náà ni Augustin Planque, olùkọ́ kan láti Arras, tí orúkọ rẹ̀ yóò tún jáde níwájú.

Róòmù kò fún un ní Dàhómì. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ka ilẹ̀ náà sí eléwu jù fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Sàró ni wọ́n fún un ní oṣù Kẹrin, 1858, ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, tí ọkọ̀ ń dé nígbà gbogbo. Ìpinnu àwọn tí ń wá ibi ìfọ̀kànbalẹ̀ ni èyí, òun náà ni ó sì mú wọn lọ bá ikú.

Freetown kì í ṣe ìlú àjòjì sí Yorùbá. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni ó kún ibẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú náà fi ń pè wọ́n ní Àkú. Níbẹ̀ ni Crowther ti kọ́ ìwé. Láti ibẹ̀ ni àwọn Sàró ti ń padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta láti nǹkan bí 1839. Nítorí náà, bí Brésillac kò tilẹ̀ dé ilẹ̀ wa, mo gbà gbọ́ pé èdè wa kọjá létí rẹ̀ ní òpópónà Freetown, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó jẹ́.

Àwọn àlùfáà méjì, Reymond àti Bresson, pẹ̀lú arákùnrin onísìn kan tí ń jẹ́ Eugène, ni ó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n dé Freetown ní oṣù Kìíní, 1859. Brésillac fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ogun Faransé tí ń jẹ́ Danaé ní Brest ní oṣù Kẹta, òun àti àlùfáà Riocreux àti arákùnrin onísìn Gratien. Ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ni ọkọ̀ náà dúró níwájú Freetown. Ìròyìn tí ó pàdé wọn ni pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń pa ènìyàn nínú ìlú bí ẹni ń pa ẹṣin tòun tẹni tó gùn ún. Ọ̀gá ọkọ̀ gbà á níyànjú kí ó má sọ̀kalẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ mẹ́ta wà ní èbúté, kò sì lè ti inú ọkọ̀ juwọ́ sí wọn kí ó máa lọ.

Riocreux kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, Bresson ní ọjọ́ 5, Gratien ní ọjọ́ 13. Brésillac ń tọ́jú wọn, ó ń sin wọ́n, títí ó fi dùbúlẹ̀ òun náà. Ọjọ́ 25 ni ó kú. Reymond, tí ó gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìkẹyìn rẹ̀, kú ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Eugène nìkan ni ó yè. Wọ́n gbé e padà sí Faransé pẹ̀lú àìsàn lára. Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún méjì àti ààbọ̀ ṣáájú kò ní ẹyọ ènìyàn kan mọ́ ní ilẹ̀ tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àìsàn yìí, nítorí ó so mọ́ Èkó lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní 1859 afẹ́fẹ́ burúkú ni a rò pé ó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní 1881 ni oníṣègùn Carlos Finlay ní Cuba sọ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri, àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí Walter Reed ṣáájú sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1900. Lẹ́yìn èyí ni a kọ́ ibùdó ìwádìí kan sí Yaba ní Èkó ní àárín ọdún 1920 sí 1929. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Gold Coast kan tí ń jẹ́ Asibi ni a ti rí kòkòrò àrùn náà mú ní 1927. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, kó àìsàn yìí, ó sì kú ní Èkó ní ọdún náà gan-an. Láti inú kòkòrò àrùn Asibi yìí ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937, èyí tí a ṣì ń gún fún àwọn ọmọ wa títí di òní. Bí a bá ti mọ̀ nípa ẹ̀fọn ní ọgọ́ta ọdún ṣáájú, bóyá Brésillac ìbá dé Dàhómì, tàbí Èkó pàápàá.

Nígbà tí ìròyìn ikú náà dé Lyon, Planque ló kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé ti wó. Planque lọ sí Róòmù, ó bèèrè bóyá kí òun tú ẹgbẹ́ ká tàbí kí òun máa bá a lọ. Wọ́n ní kí ó máa bá a lọ. Ní oṣù Kẹjọ, 1860, a fún wọn ní Dàhómì, agbègbè tí ó lọ láti odò Volta dé odò Ọya, tí ilẹ̀ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Planque darí ẹgbẹ́ náà títí ó fi kú ní 1907. Ní 1876 òun ni ó tún dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onísìn sílẹ̀, àwọn tí a ń pè ní Sister O.L.A.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, 1861, Francesco Borghero, ará Ítálì, àti Fernandez, ará Sípéènì, gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ẹnì kẹta wọn, Edde, ti kú ní Freetown lójú ọ̀nà. Ní 1863 Borghero dé Èkó, ohun tí ó rí níbẹ̀ sì yẹ kí a fi ara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó dà bí ẹni pé a ti dáhùn ìbéèrè Brésillac kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ó bá ìjọ níbẹ̀. Àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà dé ti ń péjọ fún àdúrà, olórí wọn sì jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio. Kì í ṣe àlùfáà. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tí ó gbé ọwọ́ lé e. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ilé àdúrà kékeré, ó ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ, ó ń sin òkú, ó sì ń kó àwọn ènìyàn jọ lọ́jọ́ ọdún. Láti ọ̀dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí ni orúkọ náà, Àgùdà, ti mọ́ gbogbo ìjọ náà lára títí di òní. Ọdún márùn-ún kọjá lẹ́yìn ìbẹ̀wò Borghero kí àlùfáà tó wá jókòó ní Èkó ní 1868. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́, nígbà náà, pé òyìnbó ni ó mú ìjọ Àgùdà wá sí Èkó. Ó wá bá a níbẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí, kí ni àwọn ọmọ Brésillac fi èrò baba wọn ṣe? Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pọ̀, n kò ní sọ pé kò pọ̀: oko Tọpó lẹ́bàá Àgbádárìgì ní 1876, ilé ìwòsàn Abẹ́òkúta ní 1895, níbi tí Fádà Coquard ti fi ọ̀bẹ wo aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní 1928, àti ilé iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Fádà Kevin Carroll ti jẹ́ kí àwọn agbẹ́gilére fi ọwọ́ ìbílẹ̀ gbẹ́ ère ìjọ. Ṣùgbọ́n ní ti àlùfáà ọmọ ìlú, wọ́n fi falẹ̀. Ní 1920 ni a fi Paul Emecheta, ọmọ Ezi ní ìhà Àsàbá, jẹ àlùfáà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó di 1929 kí Julius Oni Lawani àti Lawrence Layode tó gba oyè náà. Láti 1868 sí 1929 jẹ́ ọdún 61. Àwọn kan yóò ní Látìn ni ó fà á, àwọn mìíràn yóò ní àìgbéyàwó ni. Àwọn kan yóò ní àwọn Fádà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan tí kò fi sí ẹni tí yóò kọ́ni. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, Látìn kò rọrùn fún àwọn ará Coimbatore náà, òun ni Brésillac sì fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì yára jù wọ́n lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ikú Brésillac, ní oṣù Kẹfà, 1864, ni a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ṣùgbọ́n wọ́n tún yí padà. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó wá tú ilé baba arúgbó náà ká mọ́ ọn lójú. Ó kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀. Ìbínú yìí kò tán nílẹ̀. Ní 1901, lórí ọwọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó fi mú James Johnson, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ St. Paul's Breadfruit kó jáde, wọ́n sì dá ìjọ African Church sílẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko kòkó rẹ̀ wà ní Ìfàkò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń pè ní Oko Ọba lónìí. Àwọn alágbàṣe tí ó wá ṣiṣẹ́ ní oko Àgégé ń gbé irúgbìn kòkó padà lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì ń gbé ìjọ náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba Ìfàkò kọjá lọ sí ilé ìpẹran Oko Ọba ń rìn lórí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ ara wọn dáhùn ìbéèrè tí Brésillac gbé lọ sí Róòmù.

Irú ìyapa bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn Àgùdà. Bóyá sùúrù wọn pọ̀, bóyá àwọn tí ìbá ya kúrò kò tíì ní àlùfáà tiwọn tí wọn ìbá tẹ̀ lé. Èrò kejì ni mo fara mọ́. Láti Chausse ní 1891 títí dé Leo Taylor, òyìnbó ni gbogbo bíṣọ́ọ̀bù Èkó. Taylor kú ní oṣù Kẹwàá, 1965. Ní ọdún náà ni John Kwao Amuzu Aggey di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jókòó lórí àga Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó. Ní 1969 Anthony Saliu Sanusi di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Anthony Olúbùnmi Okogie gba Èkó ní 1973, ó sì wà lórí àga náà títí di 2012, nígbà tí Alfred Adéwálé Martins, tí a bí ní 1959, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ S.M.A. fúnra rẹ̀, ó ti ní àwọn àlùfáà ọmọ Áfíríkà àti ọmọ Íńdíà pẹ̀lú àwọn òyìnbó báyìí. Ní oṣù Karùn-ún, 2020, Póòpù Francis fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Brésillac sí ipò Ẹni Ọ̀wọ̀, ìpele kan lójú ọ̀nà sí ipò ẹni mímọ́. Fún ìpele tí ó kàn, ìjọ ń dúró de iṣẹ́ ìyanu kan tí a lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.